Irọ́ Tí Wọ́n Fi Ṣìkẹ́ Mi

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, torí gbogbo ẹni tó ń sọ ọ́ ládùúgbò ló ń fi tiẹ̀ kún un.

Èmi ni Asiata, ìyá Muideen, aláró ní Ìtòkú. Láti kékeré ni mo ti ń rẹ aṣọ láró, ọwọ́ mi ò sì mọ́ títí dòní. Ọmọ méjì ló kù fún mi lẹ́yìn tí bàbá wọn lọ: Muideen tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù Odeda, àti Tóyìn àbúrò ẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ jéléósinmi. Tóyìn fẹ́ Dìran, tíṣà bíi tiẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà paraku, wọ́n sì ń gbé ní Adigbe pẹ̀lú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Tiwátọ́pẹ́. Mùsùlùmí ni èmi, àmọ́ mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àna mi ń dọ̀bálẹ̀ kí mi gbalaja, ọmọ mi ń wá mi wá, kí ni mo tún ń wá?

Ohun tí mi ò fẹ́ láyé mi ni irọ́. Gbogbo Ìtòkú ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Oníbàárà tó bá purọ́ fún mi, màá ká aṣọ mi kúrò níwájú ẹ̀ ni, bó bá wù ú kó lọ rà á lọ́run. Ẹ wá wo àwọn ọmọ tí mo fi inú ara mi bí. Wọ́n jókòó, wọ́n dìmọ̀ pọ̀, àwọn àti Dìran, wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe Tóyìn, dókítà ní kò sí nǹkan tí àwọn tún lè ṣe sí i, Màmá ò sì gbọdọ̀ gbọ́.

Wọ́n ní nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru mi ni. Lóòótọ́, mo ti dákú rí nídìí ìkòkò aró, wọ́n sáré gbé mi lọ sí ọsibítù, dókítà sì kìlọ̀ fún Muideen pé kí wọ́n má máa já mi láyà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Muideen gbé rù. Bí ìyàwó ẹ̀ bá ṣubú nílé, wọn ò ní sọ fún mi. Bí olè bá jà wọ́n, wọn ò ní sọ fún mi. Ó wá débi pé ọmọ mi ń kú lọ ní Adigbe, èmi ń sá aṣọ sóòrùn ní Ìtòkú, mò ń bá oníbàárà ṣẹ̀fẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ṣé ẹ rí ìyà tí wọ́n fi jẹ mí?

Irọ́ tí wọ́n pa rèé. Muideen wá bá mi nílé, ó ra ẹja gbígbẹ wá, ó jókòó sórí àpótí, kò wojú mi. Ó ní Tóyìn ti lọ sí Kánádà. Ó ní àbúrò Dìran tó wà lọ́hùn-ún ló bímọ, kò sẹ́ni tó máa bá a gbọ́mọ, físà wá jáde lójijì.

"Tóyìn gbéra lọ sókè òkun, kò dágbére fún mi?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ó yá jù ni."

"Ó yá jù? Ṣé wọ́n ń lé e ni? Èmi tí mo pọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn mi fi bó!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ ríru yín."

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo se ẹja náà, mo jẹ ẹ́, mo sì gba irọ́ náà gbọ́.

Fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì ni mò ń lò, kì í fi ojú ẹni hàn. Ohùn Tóyìn nìkan ni mò ń gbọ́, ohùn náà sì ń tín-ín-rín sí i lójoojúmọ́. Tí mo bá ní kí ló ń ṣe ohùn rẹ, á ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Lọ́jọ́ kan tó pè mí, mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń dún gbùùù lẹ́yìn ẹ̀, mo sì gbọ́ ọmọ kan tó ń polówó mọ́ínmọ́ín.

"Tóyìn, ṣé wọ́n ń kiri mọ́ínmọ́ín ní Kánádà ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà ò sì tán bọ̀rọ̀. "Fíìmù là ń wò, Màmá. Fíìmù Yorùbá."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ó kúkú dáa, kí àwọn òyìnbó lè mọ bí wọ́n ṣe ń kiri ọjà. Báyìí ni mo ṣe ń fi ìyà ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò mọ̀.

Nígbà tó yá, kò fi bẹ́ẹ̀ pè mọ́. Ọjọ́ Iléyá dé, gbogbo ọmọ aráyé ń pe ìyá wọn, fóònù tèmi ò dún. Mo jókòó ti ẹran, ẹran náà ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Lọ́jọ́ kejì ló tó wá pè, ohùn ẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Inú ti bí mi rékọjá. Mi ò jẹ́ kó kí mi tán.

"Gbọ́, Tóyìn. Má pè mí mọ́. Ọjọ́ tí o bá ti Kánádà rẹ dé, kí o wá kúnlẹ̀ níwájú mi kí o tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé o ní ìyá."

Mo rò pé káàdì ẹ̀ ti tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má bínú, Màmá mi." Kò pè mí mọ́ lóòótọ́, torí ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Irọ́ wọn ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu, mi ò sì ní fi jì wọ́n.

Harriet ló tú u síta. Aránṣọ ni Harriet, Adigbe ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, ó sì máa ń wá ra kanpala lọ́wọ́ mi. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló wá, mo ń po aró lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ títutù.

"Ẹ kú aájò o, Ìyá Muideen. Ọlọ́run á gbọ́ àdúrà wa."

Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn là ń kí báyẹn. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíì ló ń kí.

"Aájò ta ni?"

"Ti Tóyìn ni, mà. Èmi àtàwọn ẹgbẹ́ ìyá lọ gbàdúrà fún un lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá. Ó gbìyànjú, ó jókòó díẹ̀, àmọ́ ìrora yẹn..." Ó gbójú sókè, ó rí ojú mi.

"Tóyìn wo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Mo ní Tóyìn wo? Tóyìn mi wà ní Kánádà!"

Aṣọ tó fẹ́ rà ni Harriet fi ń nu ojú ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ń kiri, ikọ́ tí kò tán, Muideen tí kò wojú mi, gbogbo ẹ̀ ya wọ inú orí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Aṣọ ẹni ẹlẹ́ni wà nínú ìkòkò, mi ò yọ ọ́. Mo bọ́ sójú títì, aró ń ro tótó lápá mi, mo dá ọ̀kadà dúró. Ọlọ́kadà náà wò mí, ó ní, "Màmá, aró yín máa ba ṣòkòtò mi jẹ́ o." Mo ní tí kò bá gbé mi dé Adigbe kíákíá, orí ẹ̀ ni mo máa rẹ láró. Ó gbé mi. Mo ń sunkún lẹ́yìn ẹ̀ títí a fi kọjá Pánṣẹ́kẹ́.

Mọ́tò Muideen ló wà níwájú ilé. Muideen tó sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Odeda! Ó jáde síta, ó rí mi, ó ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru yín," mi ò sì jẹ́ kó parí ẹ̀. Mo fọ́ ọ létí. Ọkùnrin tó ti ń hu ewú, mo fọ́ ọ létí lójú ọ̀nà, àwọn ará àdúgbò ń wò.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru dà? Wá wọ̀n ọ́n wò báyìí! Ẹ gbé ọmọ mi pamọ́ fún mi, Muideen? Ṣé ọ̀tá ẹ̀ ni mí?"

Kò gbọ́wọ́ sókè. Dìran ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó da ojú bolẹ̀. Mo gba orí ẹ̀ kọjá wọlé.

Mo wọ yàrá, mo rí ìyá arúgbó kan lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fẹ́ bèèrè pé Tóyìn dà. Orí ẹ̀ ti pá, ọrùn ẹ̀ ti gbẹ, wọ́n fi báńdéèjì wé àyà ẹ̀. Òórùn kan wà nínú yàrá yẹn tí òórùn dẹ́tọ̀ọ̀lù ò borí. Ojú ẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀.

"Màmá," ló wí, "mo ti dé láti Kánádà."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara ẹ̀ lọ sí etí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ kan ti jáde lábẹ́ aṣọ ìbora. Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kúnlẹ̀. Ọmọ mi, egungun lásán, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú mi torí mo ní kó kúnlẹ̀.

Mo ké. Gbogbo Adigbe ló gbọ́ igbe tí mo ké. Mo gbá a mọ́ra kó má baà ṣubú, kò sì wúwo ju ìdì aṣọ gbígbẹ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò padà sí Ìtòkú. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Tóyìn. Dìran sọ gbogbo ẹ̀ fún mi: bí kókó kan ṣe yọ, tí wọ́n rò pé á lọ fúnra ẹ̀, bí wọ́n ṣe gé ọmú náà, bí wọ́n ṣe fa oògùn sí i lára títí irun ẹ̀ fi re, bí nǹkan ọ̀hún ṣe wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tí dókítà wá ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ó ń sọ ọ́, ó ń wolẹ̀. Mo fẹ́ bá a jà, mi ò lè bá a jà. Òun ló ń fọ egbò yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kì í yí imú, kì í kánjú, tó bá parí á lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ dá dúró.

Oògùn olómi kan wà tí wọ́n ń fi síbí fún un nítorí ìrora. Tó bá ti mu ún, á lè bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀. Tiwátọ́pẹ́ á ti iléèwé dé, á dùbúlẹ̀ tì í, á máa ka ìwé sí i létí. Bí oògùn bá ti ń ṣíwọ́, a máa ń rán ọmọ náà jáde, torí igbe tí Tóyìn ń ké kì í ṣe igbe tí ọmọ yẹ kó gbọ́ lẹ́nu ìyá ẹ̀. Èmi ìyá tiẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ ọ. Mo dì í mú, mo ń ṣe Lá ìláhà, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó gbé e wá sára mi, èmi tí mo ti gbó. Kò gbé e wá.

Lọ́jọ́ kan, mò ń fi omi tútù nu ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé ara mi á yá?"

Ẹ wo ẹni tí kò fẹ́ irọ́. Mo wò ó lójú, mo ní, "Á yá. A máa jọ lọ sí Ìtòkú, wàá bá mi ta aṣọ."

Ó ń wò mí lọ. Ó fi ọwọ́ gbígbẹ yẹn lù mí lọ́wọ́ pẹ́pẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. "Ẹ ṣé, Màmá," ló wí. "Ẹ má lọ síbì kankan o."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ? Mo wà níbí."

Mi ò bẹ Ọlọ́run pé kó wò ó sàn mọ́. Ojú mi ti rí i, èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ: bó bá ń lọ, kí ọwọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti fi àìsàn ẹ̀ pamọ́ fún mi, wọn ò ní fi ikú ẹ̀ pamọ́ fún mi. Mo sọ ọ́ sí gbogbo wọn létí.

Wọn ò sì fẹ́. Bàbá Ọlánípẹ̀kun, àgbà ilé Dìran, wá, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pè mí síta. Ó ní ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Ìyá Muideen, nílẹ̀ wa, ìyá kì í jókòó wo ikú ọmọ ẹ̀, kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ó ní kí n jẹ́ kí Muideen gbé mi lọ sílé, àwọn á máa wá ròyìn fún mi. Mo ní, "Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ọmọ mi ń kú?" Ó ní kí n má bínú. Mo ní mo ti bínú. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ gbé mi kúrò níbí, kó lọ pe àwọn tó ń gbé òkú, torí òkú mi ni wọ́n máa gbé. Ó mú fìlà ẹ̀, ó lọ.

Ó wá di àárọ̀ kan. Tóyìn ò tíì fẹnu kan oúnjẹ látọjọ́ yìí wá, omi la fi ń tọ́ ọ létè. Ṣàdédé ló lajú, ojú ẹ̀ mọ́ kedere, ó ní, "Màmá, ọ̀jọ̀jọ̀ ni mo fẹ́ jẹ."

Mo fò dìde. "Ọ̀jọ̀jọ̀?"

"Ti Ìyá Waheed ní Itori. Mo fẹ́ ẹ ní gbígbóná."

Ìyá Waheed ni àbúrò bàbá wọn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Tóyìn ti ń lo ọlidé ní kékeré. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀jọ̀jọ̀ dín bíi tiẹ̀. Mo ní kí Dìran sáré lọ.

"Rárá," ni Tóyìn wí. "Ata tí wọ́n máa ń fi sí i ti pọ̀ jù fún mi. Ẹ̀yin ló lè dúró tì wọ́n. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ, Màmá."

Ọmọ mi fẹ́ jẹun! Ẹni tí kò bá tíì tọ́jú aláìsàn rí ò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Mo ti ń wá gèlè kí ó tó sọ ọ́ tán. Mo gbàgbé Bàbá Ọlánípẹ̀kun, mo gbàgbé ohun tí mo tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, gbogbo ohun tí mo rò ni pé bó bá jẹ ẹyọ kan lónìí, á jẹ méjì lọ́la. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú fún ìgbà díẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó ní, "Ẹ máa lọ."

Muideen tí kì í jẹ́ kí n gun ọ̀kadà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, òun fúnra ẹ̀ ló bá mi dá ọ̀kadà dúró dé Ìta Ọ̀ṣìn, níbi tí mo ti wọ mọ́tò Itori. Ó yẹ kí n mọ̀. Ayọ̀ ti dí mi lójú.

Nígbà tí mo dé Itori, mo sọ fún Ìyá Waheed pé Tóyìn fẹ́ jẹun. Ó bú sẹ́kún, ó gbé ewùrà, ó ń rin ín, omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ ẹ̀. Mo dúró tì í lórí ata. Mo mú èyí tó kọ́kọ́ jinná, mo tọ́ ọ wò, ó dùn. A dì í sínú kúlà kó má baà tutù. Ní bíbọ̀, tírélà kan ti dábùú ọ̀nà, mọ́tò ò lọ, mọ́tò ò bọ̀. Mo gbé kúlà lé itan. Mo ń sọ fún obìnrin tó jókòó tì mí pé ọmọ mi tó ń ṣàìsàn ló fẹ́ jẹ ọ̀jọ̀jọ̀. Ó ní àmì dáadáa ni. Mo ní àmín, mo rẹ́rìn-ín sí i.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí n tó dé Adigbe. Bàtà ni mo kọ́kọ́ rí, bàtà rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà. Tìmùtìmù bẹ́ẹ̀dì Tóyìn wà níta, wọ́n gbé e fara ti ògiri, wọ́n sì ti fọ aṣọ ìbora ẹ̀ sá sórí okùn. Àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní, Harriet wà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n dìde, wọ́n ń bọ́ sẹ́yìn.

"Tóyìn dà?"

Harriet fi gèlè bo ojú.

"Mo ní Tóyìn dà? Mo ti gbé ọ̀jọ̀jọ̀ dé."

Muideen jáde. Yẹ̀pẹ̀ pupa wà létí ṣòkòtò ẹ̀. Mo wo yẹ̀pẹ̀ náà, mo wojú ẹ̀. Wọ́n ti sin ín. Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í gbé e sílẹ̀ dọ́la, pásítọ̀ gbàdúrà ṣókí, wọ́n gbé e wọlẹ̀. Wọ́n ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán nígbà tí mo ń tọ́ ọ̀jọ̀jọ̀ wò ní Itori.

Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n ní mo da ọ̀jọ̀jọ̀ náà sílẹ̀, mo ń yí nínú ẹ̀. Wọ́n ní mo bú Ọlọ́run, kó dárí jì mí. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ síbi tó wà, wọn ò mú mi lọ. Mo bẹ Dìran, mo bẹ Harriet, mo kúnlẹ̀ fún àwọn ọmọ tí mo lè bí. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò tíì fi ibẹ̀ hàn mí.

Nígbà tí ohùn mi ti há, mo bi Muideen nínú yàrá yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí kò sí nǹkan lórí ẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ṣé ó pè mí?"

"Rárá, Màmá," ló wí. "Òun fúnra ẹ̀ ló ní ká rán yín jáde, ebi ò pa á. Ó ní tí ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, òun ò ní lè lọ. Bí ẹ ṣe jáde báyìí ló sùn, kò jí mọ́. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó lọ ní ìrọ̀rùn."

Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sùn, mo fi jí. Ó dùn mí pé ọmọ mi lé mi, àmọ́ ó tù mí lára pé kò wá mi. Nígbà tí èrò ti lọ sílé, Dìran wá bá mi níbi tí mo ti ń gba Tiwátọ́pẹ́ níyànjú kó jẹun. Ó ní kí ọmọ náà lọ ṣeré, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ má dá Bọ̀dá Muideen lóhùn. Tóyìn ò lé yín. Ebi pa á lóòótọ́. Kò sùn rárá, ẹ̀yin ló ń bèèrè. Ó ń wí pé, 'Màmá dà? Ṣé wọ́n ti ń bọ̀?' Ó ń pè yín títí ohùn ẹ̀ fi lọ. Orúkọ yín ló wà lẹ́nu ẹ̀."

Orí mi fò lọ. Mo pe Muideen wọlé, mo ní kí àwọn méjèèjì dúró níwájú mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Muideen sọ tiẹ̀ kí n má baà rò pé ọmọ mi kú níbi tó ti ń wá mi. Dìran sọ tiẹ̀ kí n má baà rò pé ọmọ mi ò fẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn mi, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ àwọn méjèèjì ti purọ́ fún mi rí, ojú wọn ò sì yí padà.

"Ẹ gbọ́," mo ní. "Mo ti gbàgbé Kánádà. Mo ti gbàgbé Itori. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Ẹ sáà bá mi sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí. Ṣé ọmọ mi pè mí, àbí kò pè mí?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Bí Dìran ṣe wí ni, Màmá," ni Muideen sọ.

Lẹ́ẹ̀kan náà ni Dìran ń sọ pé, "Bí Bọ̀dá ṣe wí ni."

Mo ní kí wọ́n máa lọ. Mi ò bi wọ́n mọ́ láti ọjọ́ yẹn, torí kò sí ohun tí wọ́n lè sọ tí mo máa gbà gbọ́.